Háàdì-díìsìkì Tí Mo Sá sí Oòrùn

Bàbá mi ní Lálúpọn,

Ara mi le níbí ní Kàdúná, ẹ má fòyà rárá.

Ọ̀gá mi ra kọ̀ǹpútà tuntun, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà kò rí háàdì-díìsìkì àtijọ́, irin pẹlẹbẹ tí gbogbo iṣẹ́ ọ́fíìsì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá yọ ọ́ sórí tábìlì, ó lọ pe oníṣẹ́. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù. Mo ní ọ̀rinrin ló mú un. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa ṣí ẹnu àpò láfún kí oòrùn lè wọ inú rẹ̀. Mo tú ìdérí irin náà, mo gbé e sórí páànù òrùlé.

Oníṣẹ́ dé, ó ní okùn rẹ̀ ni wọn kò kì bọ ibi tó yẹ. Mo sọ irin náà kalẹ̀ fún un. Ó káwọ́ lérí.

"Mùnírù, ta ló ṣí i?"

"Èmi ni. Ẹ jẹ́ kó tún gba oòrùn ọ̀la, á gbẹ."

Ọ̀gá ní kí n lọ sinmi ná. Mo sì ń sinmi dáadáa. Akọ̀wé tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ń rẹ́rìn-ín, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ bá mi kí Ìyá àti Mùsílímátù. Bí ẹ bá fẹ́ fèsì, ẹ má kọ ọ́ sí ọ́fíìsì. Ẹ kọ ọ́ sí mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ọjà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tètè rí mi báyìí, pàápàá láàárọ̀ kùtù.