Ìlà Méjì tí Mo Jowú

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì o, nítorí àwa tí omi yí ká gan-an kò tíì rì. Bàbá rẹ wà, ó sì ń kanra bíi ti àtẹ̀yìnwá. Òrùlé ilé ìdáná ti tún ń jò.

Nọ́ọ̀sì kan wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí iléèwé wa láti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwa obìnrin wò nítorí kòkòrò éèdì. Èmi ìyálé ni mo kọ́kọ́ wọlé. Ó gún mi níka, ó ní ìlà kan ló yọ lórí ike àyẹ̀wò tèmi, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìyàwó kékeré wọlé, kò tètè jáde. Òjòwú ò lẹ́ran láyà, ọmọ mi, mo lọ yọjú lójú fèrèsé. Ìlà méjì! Ẹni tó bá mi nílé ọkọ! Nọ́ọ̀sì tún dì í lọ́wọ́ mú, ó gbé ike oògùn fún un. Mo já wọlé, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìlà kejì tèmi. Nọ́ọ̀sì ní kí n lọ sílé kí n lọ máa dúpẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi dá ìyàwó lóhùn. Láràárọ̀ ni fóònù rẹ̀ ń ké, mo ní nọ́ọ̀sì ló ń pè é tí kò pe èmi. Mo já fóònù gbà, mo kí nọ́ọ̀sì títí, kò jẹ́ mi. Ni ìyàwó bá bú sẹ́kún. Ó ní agogo oògùn ni, pé ìlà méjì túmọ̀ sí pé kòkòrò náà wà lára òun, ṣùgbọ́n bí òun bá ń lo oògùn lójoojúmọ́, òun á tọ́ ọmọ òun dàgbà. Ó ní ìwọ nìkan ni kí n sọ fún.

Ọkọ kan náà la jọ ń fẹ́! Bàbá rẹ kò gbà kí wọ́n yẹ òun wò, ó ní ara òun le, ó sì ju rọ́bà ìdáàbòbò ọkùnrin tí nọ́ọ̀sì fún wa sómi. Àwa méjèèjì bá tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Inú yàrá ìyàwó ni mò ń sùn báyìí, bàbá rẹ ló wá ń jowú.

Jọ̀ọ́, bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ń gbọ́ tìrẹ. Fi owó fóònù tó ń ké ránṣẹ́ sí mi, kí n lè máa jí ìyàwó bí tirẹ̀ bá kú. Ìwọ náà, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò.

Ọlọ́run á fi ọ́ sílẹ̀ fún mi. Oṣù kan ti lọ, ó ku méjì. Bá mi bẹ Ọlọ́run kí ìlà mi má di méjì.

Ìyá rẹ