Línọ́ọ̀sì Ní Òun Ò Rí Fíláàṣì Tí O Fi Ránṣẹ́

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ń sùn lóru, ṣé ó ń jẹ́ kí ẹ̀yin náà sùn? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lójú títì ìgboro yẹn. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ yóò wá a títí, kò ní rí i. Àwa náà wà nílé, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ mi lórí okùn ti bí méjì, èmi náà sì ń bá iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títún ṣe mi lọ níwájú ilé. Mo ti kí ọ tán. Ní báyìí, jẹ́ kí n bínú.

Inú ń bí mi gan-an ni. Ìyá rẹ ní kí n mu omi kí n tó kọ lẹ́tà yìí, mo mu ife méjì, inú ṣì ń bí mi.

O rántí kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀ fún àbúrò rẹ obìnrin nígbà tí o ń lọ. Inú rẹ̀ ló kó gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí, èyí tó fẹ́ fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì ni fọ́ọ̀mù náà máa tì. Mo béèrè pé ta ló fẹ́ tì í, kí n lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀, àbúrò rẹ ní kì í ṣe ènìyàn, ẹ̀rọ ni. Ó dára. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, kọ̀ǹpútà kọ̀, kò jí. Ojú rẹ̀ dúdú, ó kọ ọ̀rọ̀ funfun méjì síbẹ̀, ó sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Àbúrò rẹ sunkún títí tí kò fi jẹun.

Ni a bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin gbẹ́nàgbẹ́nà, èyí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n nítorí pé ó lè fi iná lẹ wáyà tó tín-ín-rín bí irun orí. Ó ní ìwé àbúrò rẹ kò sọnù, inú ilé ló wà, ilé náà ló ti tì mọ́ra. Àfi kí òun fi fíláàṣì ṣe kọ́kọ́rọ́ tí yóò jí kọ̀ǹpútà náà láti ìta, kí a lè wọlé kó ẹrù wa. Ó béèrè bóyá a ní fíláàṣì. Mo ní a ní. Èyí tí o fi rán awakọ̀ sí wa ni, tó dé ní ọjọ́ kejì tí kọ̀ǹpútà kú, tí o ní àwòrán wà nínú rẹ̀ kí a tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Mo sì tọ́jú rẹ̀. N ò tíì rí àwòrán kankan níbẹ̀ ṣá, nítorí mo gbé e sókè sí oòrùn, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, n ò rí nǹkan kan.

Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ki fíláàṣì náà bọ ihò iwájú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó ní, Bàbá, Línọ́ọ̀sì ò rí i. Mo béèrè pé ta ni Línọ́ọ̀sì. Ó ní òun ló ń darí ẹ̀rọ náà láti inú. Mo rò pé ọ̀gá rẹ̀ ni, tó wà ní yàrá ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ta kọ́tìnì sí. Mo gbé ohùn sókè, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, Línọ́ọ̀sì. Kò dáhùn. Mo tún kí i. Ó ṣe bí ẹni pé ajá ló ń gbó. Tèmi ti irun funfun yìí, àkọ́bí mi! Ẹni tí kò rí àgbà tó dúró gangan, ṣé ohun tó kéré bí ìka ni yóò wá rí? Mo sọ ọ́ síta pé fíláàṣì náà wà nínú ihò, ìdí rẹ̀ ló yọ síta yẹn, mo rí i, àbúrò rẹ rí i, ọkùnrin oníbàárà tó wá gba ṣájà rẹ̀ náà rí i. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ní àwọn rí i, ẹnì kan ṣoṣo ní òun ò rí i, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n sì gbà!

Ọmọbìnrin náà kò bá mi jà. Ó yọ ọ́, ó ki í bọ ihò ẹ̀yìn, ó ní iná ihò iwájú kì í tó nígbà mìíràn. Línọ́ọ̀sì ò rí i. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, lẹ́tà márùn-ún péré, ó ní òun ń pàṣẹ fún un kó ka gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Línọ́ọ̀sì ka tara rẹ̀ tán, kò dárúkọ tiwa. Ni ọmọbìnrin náà bá mú fíláàṣì pupa kan tó jẹ́ tirẹ̀, ó ki í bọ ihò kan náà. Línọ́ọ̀sì rí i lójú ẹsẹ̀! Mo dìde. Mo ní ojúsàájú pọ́ńbélé nìyí. Mo ní ṣé torí pé ọkọ̀ ẹrù ló gbé tiwa wá ni? Ó ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ó ní bí ihò bá dára, tí pupa sì dára, a jẹ́ pé ti yín ló ní àìsàn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu. Ó gbé e símú. Ó wò mí. Ó ní, Bàbá, ta ló fi gírísì síbí?

Mo ní èmi ni. Kí ló burú níbẹ̀? Ogójì ọdún ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, n ò tíì rí irin tó ń wọnú irin tí kì í fẹ́ gírísì. O ní kí n tọ́jú rẹ̀, mo sì fi ojúlówó sí i, èyí tí mo máa ń fi pamọ́ fún kẹ̀kẹ́ olùkọ́ àgbà. Oníbàárà yẹn rẹ́rìn-ín títí ṣájà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n kò rẹ́rìn-ín, ilé ọkọ rẹ̀ yóò tù ú. Ó fi òwú àti sípírítì nu ẹnu rẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún ki í bọ ihò náà. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú nídìí rẹ̀, Línọ́ọ̀sì sì dárúkọ rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì o.

Ibi tó ti dùn mí wọ egungun ló kù yìí. Bí ó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rọ béèrè ọ̀rọ̀ kan, ọmọbìnrin náà sì kà á sí mi létí pé gbogbo ohun tó wà nínú fíláàṣì yìí ni yóò parẹ́, ṣé kí ó máa bá a lọ? Ó ní, Bàbá, ó dà bíi pé àwòrán wà níbẹ̀ o, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó.

Ó ṣí i. Ọmọ rẹ ni.

Ọmọ oṣù méje tí n kò fojú kàn rí. Ojú ìyá mi ló gbé wá sáyé, títí kan etí òsì tó ká díẹ̀ lókè. Ó jókòó sínú bésìnì, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ó dijú mọ́rí, ó ń bínú sí ẹni tó ń ya fọ́tò náà. Mo gbá ọwọ́ Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n mú, mo ní kó má tẹ nǹkan kan. Mo ní kó lo pupa tirẹ̀, ó ní pupa náà kéré, kò ní gba ohun tí òun fẹ́ kọ sí i. Àbúrò rẹ wà lẹ́yìn mi. Kò sọ pé fọ́ọ̀mù òun ńkọ́. Omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀, n ò sì mọ èwo ló ń sun nínú méjèèjì.

Ọmọbìnrin náà ní òun yóò kó àwòrán náà sínú ẹ̀rọ òun ná. Mo ní ṣé lọ́dọ̀ Línọ́ọ̀sì yẹn, ẹni tó ní òun ò rí wa? Mo ní kó tò wọ́n sójú kí n kà wọ́n. Mọ́kànlélógún. Ó kó wọn, mo tún wọn kà, wọ́n pé. Ìgbà náà ni mo tó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó pa ohun inú fíláàṣì rẹ́, ó kọ ohun tó fẹ́ kọ sí i, ó gbé e lọ sára kọ̀ǹpútà tiwa, ó ń tẹ bọ́tìnnì kan léraléra bó ṣe ń jí, ó ní òun ń sọ fún un pé kó yé wo inú ara rẹ̀, fíláàṣì ni kó wò. Ó sì jí. A bá gbogbo ìwé àbúrò rẹ níbẹ̀, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì lọ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ti fún un ní nọ́ńbà.

O lè wá béèrè pé kí ló kù tí mo ń bínú sí. Ìwọ ni. Ní ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni, láàárín wáyà, lójú oníṣájà, ni mo ti pàdé ọmọ-ọmọ mi, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ bi mí nípa rẹ̀ ni pé ṣé kí àwọn pa á rẹ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ han bàbá bàbá rẹ̀ nìyẹn? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ kì í fún ènìyàn láyè. Bí o kò bá lè wá, fi owó ọkọ̀ ènìyàn méjì ránṣẹ́, a ó wá bá ọ. Fi díẹ̀ sí i fún Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n, nítorí kò gba nǹkan lọ́wọ́ mi, àti fún agolo gírísì kan, ojúlówó.

Iṣẹ́ rẹ kò ní bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ilé tí o kọ́ kò ní tì mọ́ ọ sóde. Ọmọ yẹn yóò tó ọ ga, yóò sì ga jù ọ́ lọ.

Mo fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé ni ìyá rẹ ní kò tíì tán. Èmi àti òun ti jọ lọ wo àwòrán mọ́kọ̀ọ̀kànlélógún ní ṣọ́ọ̀bù lánàá. Ó ní kí n bi ọ́ báwo ni orí ọmọ náà ṣe máa ń ta sánsán bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́ tán. Ó ní ẹ̀rọ náà kò sọ ìyẹn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.