Téèpù Ò Lè Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wò

Ẹ ka èyí tán kí ẹ tó wá oúnjẹ.

Télọ̀ kan ń bẹ nínú ilé yìí. Họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin ara rẹ̀ lọ sílẹ̀, dókítà ní kó máa gba abẹ́rẹ́, kó sì máa wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí ọ̀rá ikùn a máa sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ti obìnrin. Télọ̀ ń gba abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kó má baà yọ ọmú, ó gba oògùn tó ń lé họ́mọ́ọ̀nù obìnrin jáde lára lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti Àbíjàn dé. Láràárọ̀ ló ń fi téèpù wọn àyà; tó bá fẹ̀ sí i, a gbé hóró méjì mì.

Ní ìrun àsùbáà òní, ó forí kanlẹ̀, orúnkún ò jẹ́ kó dìde mọ́. Èmi ni mo fà á sókè. Ó ti padà lọ sùn.

Bàbá Hamid, ẹ̀yin ni.

Mo ti pe dókítà. Ó ní ọkùnrin pàápàá nílò díẹ̀ nínú ti obìnrin fún egungun rẹ̀, pé ẹ ti lé e kọjá ààlà. Èyí tó bí mi nínú jù ni síńgílẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí mo bá lábẹ́ bùbá yín, tí ẹ wọ̀ nítorí ọyẹ́. Odidi télọ̀, aṣọ lẹ wọ̀n, ẹ wá ń gbé oògùn mì fún aṣọ.

Mo ń kó oògùn náà lọ fún dókítà. Wàsíù ọlọ́kadà ń bọ̀ wá gbé yín lọ síbẹ̀. Ẹ má jẹ nǹkan kan, wọ́n máa wo ṣúgà yín náà.

Téèpù yín nìyí. Ikùn ni kí ẹ fi wọ̀n. Ibẹ̀ ni obìnrin tí ẹ ń lé ń gbé.

Ìyá Hamid