Aago Tó Ń Dúró Kí Èèyàn

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń pariwo yẹn ti rọ̀ díẹ̀? Àwa nílé wà láàyè, à ń jẹ, à ń mu, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọwọ́ rẹ ò ní dilẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti ń pe ẹni ire, wọn ò ní fo orúkọ rẹ. Tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ lo ti ń ka lẹ́tà yìí, gbé e pamọ́ di ìgbà tí o bá délé, nítorí ó gùn.

Ọ̀rọ̀ aago sáré-sáré tí o fi ránṣẹ́ sí mi, nígbà tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé kí n máa sáré láàárọ̀, ni. Ó dé láyọ̀, mo dúpẹ́, wàá jèrè ọmọ tìrẹ náà. Bó ṣe kan ọwọ́ mi báyìí ló tan iná aláwọ̀ ewé lábẹ́, mo ní háà, kí lò ń wá lára mi? Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ní ọkàn mi ló ń kà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro kìkì ohun tó dáa, nítorí mi ò mọ èyí tó máa kà dé etí rẹ.

O ní kí n tó sáré, kí n dúró níta kí aago kọ́kọ́ rí àwọn nǹkan tó wà lójú sánmà tó ń fọ̀nà hàn án. Mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń nawọ́ sókè fún un kó lè ríran dáadáa, nítorí ilé káfíńtà tó kọjú sí wa ga. Káfíńtà rí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ta ló na ìbọn sí mi. Tí mo bá sì jókòó pẹ́ nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi, á gbọ̀n lọ́wọ́ mi pé kí n dìde, èmi á ní mo ti gbọ́, ọmọ mi, jẹ́ kí n rán apá aṣọ yìí tán ná.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù yẹn dùn mí, mi ò ní purọ́. O ní aago sọ fún ọ pé mi ò sáré, pé ṣe ni mò ń dúró kiri. O ní tí dókítà bá tún fi lè rí i pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ìwọ á rán mọ́tò wá kó mi, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ nínú ilé tí wọ́n kọ́ lé orí ara wọn yẹn, kí n fi ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀, kí n ti ilé tí èmi àti bàbá rẹ fọwọ́ ara wa kọ́ pa. Oorun dá lójú mi. Nígbà tó sì di àárọ̀, aago tún sọ pé mi ò sùn dáadáa, bí ẹni pé òun kọ́ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹjọ́ tèmi rèé. Mò ń sáré. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ sáré kọjá lára èèyàn láàárọ̀ kí n má kí i? Tí mo bá yọ sí ojúde káfíńtà, tó ti ń fá pákó, mo gbọ́dọ̀ kí i kú iṣẹ́, kí n béèrè ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì, àgbà ni, mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Àtikúnlẹ̀ ò ṣòro, àtidìde niṣẹ́ wà. Aago náà sì mọ̀wà hù: tí mo bá ti dúró kí èèyàn, òun náà á dúró, á dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìgbà tí mo bá tún gbéra ló tó máa bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń yìn ín kiri pé ẹni tó tọ́ aago yìí tọ́ ọ re. Àṣé ó ń lọ rojọ́ mi! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, ọwọ́ ara mi ni mo so olófòófó mọ́.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò, mo ní ó tán. Lọ́jọ́ kejì mo sáré láìwo ọ̀tún wo òsì, mò ń ju ìkíni sẹ́yìn bí ẹni tó ń da èèpo ẹ̀pà nù. Àdúgbò dàrú! Kó tó di ọ̀sán, ìyá oníbúrẹ́dì ti ránṣẹ́ pé kí lòun fi ṣẹ̀ mí. Káfíńtà ní ọmọ ra aago fún mi, mo wá di ọ̀gá. Ojú tì mí. Mo lọ bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé pé tí mo bá ń dúró, wọn á wá kó mi lọ. Ìyá oníbúrẹ́dì wò mí títí, ó ní ó dáa, tí mi ò bá lè dúró kí àwọn, àwọn á sáré kí mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Tí mo bá ti yọ báyìí, ìyá oníbúrẹ́dì á ká ìró rẹ̀ sókè, á máa sá tẹ̀ lé mi dé ìkóríta, á bi mí bí mo ṣe jí, á béèrè ìwọ náà, káfíńtà á gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ dé iwájú ilé ìwé, nọ́ọ̀sì á wá sin mí padà sílé, á máa bú mi lójú ọ̀nà pé kí n mí dáadáa. Káfíńtà ní ẹ̀yìn òun ti ń fúyẹ́. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún un wọ̀n, ó ní ó ti ń wálẹ̀, kò tíì dé ibi tí òun fẹ́, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ la wà yìí. Díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọn. Nítorí náà, má rán mọ́tò kankan wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Nọ́ọ̀sì fi ojú ọ̀nà tí aago tìrẹ náà kọ sílẹ̀ pé o sáré lọ́hùn-ún hàn mí lórí fóònù, èyí tí o ní kí n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ó ní o káre, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, o ò dúró níbì kankan. Èmi wò ó, omi bọ́ lójú mi. Gbogbo ọ̀nà gígùn yẹn, ọmọ mi, kò sẹ́ni tó kí ọ? Kò sẹ́ni tó bi ọ́ bí o ṣe jí? Àánú rẹ ṣe mí gan-an. Ìwọ ló yẹ kí wọ́n rán mọ́tò lọ kó.

Fi owó bàtà díẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe tèmi nìkan: sálúbàtà ìyá oníbúrẹ́dì ti já, bàtà iṣẹ́ ni káfíńtà sì fi ń sáré, ilẹ̀ ń mì. Owó mọ́tò tí o fẹ́ fi kó mi, fi wọkọ̀ wálé, kí o wá lo ọjọ́ mélòó kan pẹ̀lú wa.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ á máa gbé ọ re ibi ire. Wàá pàdé ẹni tó máa dá ọ dúró lójú ọ̀nà láàárọ̀, tó máa béèrè èmi ìyá rẹ lọ́wọ́ rẹ, tí aago rẹ náà á fi dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí ẹ ó fi kíra yín tán.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń sáré.