Fáìlì Aláìbà, láti Karaworo dé Agbaja

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Karùn-ún, 2025

Mo rí nǹkan! Mò ń bu omi sí òdòdó pupa ara ọgbà mi ní Karaworo, Lọ́kọ́ja, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ni nǹkan kan bá dúró lójú afẹ́fẹ́ gan-an níwájú mi. Ó tó àtàǹpàkò. Apá rẹ̀ mọ́ gaara bí ọ̀rá, ó sán bẹ́líìtì pupa. Ó na ahọ́n gígùn bọnú òdòdó, ó mu, ó sún sẹ́yìn, ó tún mu òmíràn. Kò bà lé nǹkan kan rárá! Mo pẹ́ dé ọ́fíìsì. Láti ọdún márùndínlógójì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àkọ́kọ́ rèé.

Ọjọ́rú, 7

Ó tún wá. Mo tún pẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 9

Rédíò ní ẹyẹ ni. (Jàmíátù aládùúgbò mi ni Rédíò. Ògiri kan ló wà láàárín wa, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.) Mo ní irú labalábá kan ni. Ó ní labalábá wo ló ń dúró lójú afẹ́fẹ́? Mo ka ẹsẹ̀ rẹ̀: mẹ́fà. Ó ní ojú àgbà ló ń dà mí láàmú, méjì ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ gbà mí!

Mo sọ nǹkan náà ní Aláìbà, torí kì í bà lé nǹkan kan. Mo ṣí fáìlì fún un bí a ti ń ṣe níbi iṣẹ́: nọ́ńbà, déètì, ibi tí a ti rí i. Rédíò buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó wá kọ "ẹyẹ" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 11

Ọ̀gá Àbújá pè lẹ́yìn ìsìn. Ayọ̀olúwa ọmọ mi ni — èmi ni mo bí i, òun ló ń pàṣẹ. Mo máa fẹ̀yìn tì lọ́gbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí, ó ní lọ́jọ́ kejì lòun ń bọ̀ wá kó mi. Ó ti kun yàrá. Kí ni mo tún ń ṣe ní Lọ́kọ́ja? Mo ní màá ronú. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé, kò sí ọgbà, kò sí òdòdó. Mi ò fẹ́ lọ. Mi ò sì mọ bí ìyá ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rere.

Ọjọ́rú, 14

Mò ń wá Aláìbà kiri ìgboro. Gbàgede Paparanda: òfo. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa: ẹyọ kan, aago mẹ́wàá àárọ̀! Díẹ̀ ló kù kí n gba ojú fèrèsé jáde. Àwọn ọmọge ọ́fíìsì ní ìfẹ̀yìntì ti ń gùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Agbaja! Lórí ọ̀kadà! Èmi, ẹni ọgọ́ta ọdún!

Jímọ̀ àbúrò Rédíò ń dáko lórí òkè níbẹ̀. Rédíò fẹ́ kó wá jẹ́rìí pé ẹyẹ ni. Ọ̀nà yẹn, Olúwa ṣàánú. Ọlọ́kadà ń pariwo "Mama, hold me well o!", èmi ń pe Jésù, Rédíò lẹ́yìn mi ń pe Ọlọ́hun. A gúnlẹ̀ láyọ̀.

"Okun o," ni Jímọ̀ kí wa, ó ń fẹ̀rín mọ́ ẹnu. Ó mú wa lọ síbi igi kúkúrú kan létí oko, òdòdó funfun rẹ̀ ń ta sánsán. Ó ṣí ewé kan: kòkòrò aláwọ̀ ewé, tòun ti ìwo kan ní ìdí! Ó ní eléyìí ni yóò jẹ ewé yó, yóò wọlẹ̀ lọ sùn, tó bá jáde yóò di èyí tí mò ń wá kiri. Ibi tí igi yìí bá wà, ibẹ̀ ló ń gbé. Rédíò dákẹ́. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì: Rédíò dákẹ́, aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Jímọ̀ hú ọ̀dọ́ igi náà kan fún mi, ó fi àpò ìrẹsì di gbòǹgbò rẹ̀. Mo gbé e sí àyà títí a fi délé bí ọmọ tuntun.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Mo gbìn ín. Rédíò ní ta ló ń gbin igi nígbà tó ń kó lọ? Mo tún bu omi sí i nídìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 30

Iṣẹ́ parí. Wọ́n fún mi ní aago ògiri. Mo di àpótí ní ìrọ̀lẹ́, mò ń sunkún, mo sì ń bú ara mi pé ojo ni mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31

Ayọ̀ dé láàárọ̀, ó gbé àpótí mi sí búùtù. Mo wọ iwájú ọkọ̀, mo de bẹ́líìtì. Ó ṣáná sí ọkọ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi: "Ayọ̀, mi ò lọ."

Ó pa ọkọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ọgbà, fáìlì, Agbaja. Mo rò pé yóò bínú. Kò bínú. Ó ní kì í ṣe ọmọ títọ́jú lòun fẹ́ mú mi lọ ṣe, ó ní ojoojúmọ́ lòun ń rò ó. "Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá ṣubú nínú ilé yìí, ta ló máa mọ̀?"

Àṣé ọmọ mi ń bẹ̀rù.

"Èmi ni!" Rédíò ni, lẹ́yìn ògiri. "Tí ìyá ẹ bá sín, mo máa ń gbọ́! Lánàá tó ń sunkún pé òun ò fẹ́ lọ, ta ló gbọ́?"

Ayọ̀ wò mí. Ojú tì mí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí búùtù, ó gbé àpótí mi padà wọlé, ó ní kí la máa jẹ.