Mi Ò Gùn Ún

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti gé kẹ̀kẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó bá kọ́kọ́ wá bá yín lọ́run. Kẹ̀kẹ́ dúdú tí ẹ máa ń fi òróró nù láràárọ̀ Sátidé, mo gbé e tọ alágbẹ̀dẹ wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ. Ó gé e sí méjì, ó fi irin gígùn so ó pọ̀. Àga ìrọ̀gbọ̀kú yín ni a dè mọ́ ọn láàárín. Pẹ́dà wà níwájú pátápátá, ṣéènì méjì ni a sì so pọ̀ kó tó dé ẹ̀yìn.

Ṣé inú ń bí yín? Inú ń bí èmi náà. Nítorí pé ìró mi há sínú ṣéènì lọ́mọ ọdún méjìlá, tí mo ṣubú, tí apá mi kán, ẹ ní mi ò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láyé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ńkọ́, tó ń ṣubú lójoojúmọ́? Nígbà tí ẹ ń kú lọ, ẹ tún mú mi búra. Mo búra, nítorí pé mo fẹ́ràn yín. Kí ló dé tí ẹ fi béèrè irú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?

Ṣùgbọ́n gígùn ni mo búra lé lórí. Èèyàn kì í gun eléyìí. Ńṣe lèèyàn ń rọ̀gbọ̀kú sínú rẹ̀, tá á na ẹsẹ̀ síwájú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kí n tó mọ̀ ọ́n wà. Bí mo bá ti wo táyà iwájú báyìí, inú koríko ni mo ń bá ara mi. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì bí ẹ ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló tó gbà fún mi.

Bẹ́ẹ̀dì onítáyà ni àdúgbò ń pè é. Àbúrò yín obìnrin kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá ṣe ohun tí ẹnìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tí ẹnìkan ò rí rí. Mo ní ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn.

Lánàá, mo wà á láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ tí a sin yín sí. Gbogbo Sábó dúró wò mí. Ẹ̀yìn mi bó, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó tì mí. Mo jókòó ti sàréè yín, mo sunkún, torí pé àárò yín ń sọ mí.

Ìjókòó kẹ̀kẹ́ yín, tí awọ rẹ̀ ti tẹ̀ sápá ọ̀tún bí ẹ ṣe máa ń jókòó, òun nìkan ni a ò lò. Mo gbé e lé sàréè yín lórí. Ohun tí ẹ ní kí n má gùn nìyẹn. Ẹ gbà á, mi ò gùn ún.

Èmi ọmọ yín obìnrin,
tó fẹ́ràn yín, tí kò sì tọrọ àforíjì.