Wáyà Kámẹ́rà Bàbá Rẹ

Rokibat,

Mo ti lọ sí ọjà Ipata. Nígbà tí o padà sùn lẹ́yìn Àsùbáà, bàbá rẹ ń bá kọ̀ǹpútà jà. Ó fẹ́ kó fídíò yìgì tó yà sínú rẹ̀, torí àwọn ará ilé ìyàwó ń bọ̀ wá gbà á lónìí. Kámẹ́rà ń gba iná, àmọ́ kọ̀ǹpútà ò rí i rárá. Ó pa á, ó tàn án, ó ki wáyà bọ ihò kejì. Nígbà tó sú u, ó bi kọ̀ǹpútà pé, "Ṣé o fọ́jú ni?" Ó ní ẹni tó bà á jẹ́ máa fẹsẹ̀ rìn dé Malete. Nínú ilé yìí, ìwọ nìkan ló ń lọ ilé ìwé níbẹ̀. Ó ti lọ wá ẹni tó máa tún un ṣe.

Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ni mo ti rí wáyà kámẹ́rà. Èyí tí o fi rọ́pò rẹ̀, iná nìkan ló ń gbé, kì í gbé àwòrán. Mo ti pààrọ̀ wọn, mo dán an wò, fídíò sì yọ. Mo wá fà á yọ padà. Jẹ́ kí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ kì í bọ̀ ọ́. Tó bá ṣí, kí o kí i pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹ̀rín bá fẹ́ pa ọ́, ẹ̀yìnkùlé ni kí o ti lọ rín in.

Ìyá rẹ